Déètì nínú Excel: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́ ní Òṣogbo

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo ní ní Òkè-Fìà. Alájọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, olùkọ́, aláró, gbogbo wọn ló ń gbé fáìlì wá, ìbéèrè kan náà ló sì ń ti ẹnu wọn jáde. Mo wá kó wọn jọ síbí. Excel ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù. Níbi tí Google Sheets tàbí LibreOffice Calc bá ti yàtọ̀, màá sọ.

Mo kọ 5/8/2025, nọ́ńbà 45874 ló jáde. Ta ló ba fáìlì mi jẹ́?

Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni déètì yín. Excel kò mọ oṣù, kò mọ ọdún. Iye ọjọ́ ló ń kà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ló pè ní 1, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ní 2, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á bọ̀ títí ó fi kan ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 2025 tó jẹ́ 45874. Aago náà wà nínú rẹ̀: ọ̀sán gangan jẹ́ ìdajì ọjọ́, ìyẹn 0.5, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 0.75.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ńbà ni ara, fọ́máàtì ni aṣọ. Ẹ bọ́ aṣọ kan, ẹ wọ òmíràn, ara ò yí padà. Sẹ́ẹ̀lì yín ti bọ́ aṣọ déètì ni, General ló wà lára rẹ̀. Ẹni tí èyí bá ti yé, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Báwo ni mo ṣe máa yí bó ṣe ń hàn padà?

Ẹ yan àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kí ẹ tẹ Ctrl àti 1 pọ̀. Format Cells á ṣí. Ẹ lọ sí Date, kí ẹ mú èyí tó wù yín. Bí kò bá sí èyí tó wù yín níbẹ̀, ẹ lọ sí Custom, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú àpótí Type. Ctrl àti 1 ń ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice pẹ̀lú. Nínú Google Sheets, Format ni kí ẹ tẹ̀, lẹ́yìn náà Number, lẹ́yìn náà Custom date and time.

Kí ni ìtumọ̀ d, m àti y tó kún inú Custom yẹn?

d ni ọjọ́, m ni oṣù, y ni ọdún. Iye ìgbà tí ẹ bá kọ lẹ́tà kan ló ń pinnu bó ṣe máa jáde. Ẹ fi 5/8/2025 wò ó: d á fún yín ní 5, dd á fún yín ní 05, ddd á kọ Tue, dddd á kọ Tuesday tán pátápátá. Bákan náà ni m ń kọ 8, mm ń kọ 08, mmm ń kọ Aug, mmmm ń kọ August. yy ń kọ 25, yyyy ń kọ 2025. Nítorí náà, dd/mm/yyyy á gbé 05/08/2025 jáde.

Ẹ̀tàn kan wà nínú m. Bí ó bá tẹ̀ lé h, tàbí tó ṣíwájú s, ìṣẹ́jú ló ń jẹ́, kì í ṣe oṣù mọ́.

Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ sáàárín, bí ẹ bá ti fi àmì ìfàyọ há a mọ́: "Ọjọ́" d "oṣù" m, yyyy á kọ Ọjọ́ 5 oṣù 8, 2025. Nọ́ńbà 45874 ṣì ni lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣì lè tò ó, ẹ ṣì lè ṣírò rẹ̀.

##### ló kún kọ́lọ̀mù mi.

Àyè ló há. Ẹ tẹ ààlà tó wà lápá ọ̀tún orí kọ́lọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ̀ tó ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fẹ̀ ẹ́ dé òdìkejì tí kò lọ, ó ní láti jẹ́ pé ẹ ti yọ déètì ńlá kúrò lára kékeré, tó di iye tó dín sí òfo. Excel kò lè fi irú iye bẹ́ẹ̀ hàn ní déètì.

Mo fi TODAY() sí rìsíìtì. Kí ló dé tí déètì rẹ̀ ń yí lójoojúmọ́?

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe. TODAY() máa ń sọ ọjọ́ òní nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí fáìlì. Ó dára fún ohun tó ń ka ọjọ́ orí gbèsè. Kò dára fún rìsíìtì. Fún rìsíìtì, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ; pọ̀. Ọjọ́ òní á wọlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan tẹ rìsíìtì owó ilé ọdún kan síta lọ́dọ̀ wa, gbogbo oṣù méjìlá ló ní déètì ọjọ́ tó wá tẹ̀ ẹ́. Onílé rò pé ayédèrú ni.

Mo fẹ́ kí orúkọ ọjọ́ àti oṣù jáde ní Yorùbá.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ nínú Excel, Sheets àti Calc bákan náà ni CHOOSE. Bí déètì bá wà ní A2, ẹ kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:

=CHOOSE(WEEKDAY(A2),"Àìkú","Ajé","Ìṣẹ́gun","Ọjọ́rú","Ọjọ́bọ̀","Ẹtì","Àbámẹ́ta")

Àìkú ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, torí pé ibẹ̀ ni WEEKDAY ti ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Ti oṣù ni:

=CHOOSE(MONTH(A2),"Ṣẹ́rẹ́","Èrèlè","Ẹrẹ̀nà","Ìgbé","Ẹ̀bibi","Òkúdu","Agẹmọ","Ògún","Owewe","Ọ̀wàrà","Bélú","Ọ̀pẹ̀")

Ọ̀rọ̀ lásán ni ohun tó bá jáde o. Ẹ má fi tò nǹkan, torí a-b-d ló máa fi tò ó, Agẹmọ á sì ṣíwájú Ṣẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí déètì gidi wà ní A2, kí ẹ fi ìyẹn tò ó.

Ojúlé 3-4 ni mo kọ, ó sọ ọ́ di déètì.

Excel máa ń yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ohunkóhun tó bá jọ déètì lójú rẹ̀, yálà 3-4 tàbí 1/2, á ti gbà á ní déètì kó tó bi yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ yan kọ́lọ̀mù náà, Ctrl àti 1, kí ẹ mú Text. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ fi àmì ' ṣíwájú: '3-4. Àmì náà kò ní hàn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ̀yin aláṣọ tí ẹ ń kọ ààbọ̀ yáàdì, ẹ kọ 0, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ tó kọ 1/2. Ìdajì gidi ló máa gbà á sí.

Bí ó bá ti di déètì tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Text tí ẹ bá mú lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ńlá kan ló máa yọ jáde, kì í ṣe 3-4. Àtúnkọ ni. Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní jíìnì kan tó ń jẹ́ MARCH1 àti òmíràn tó ń jẹ́ SEPT1, Excel ń sọ wọ́n di déètì ṣáá. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì lórúkọ kéde àtúnṣe: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1. Wọ́n rí i pé ó rọrùn kí jíìnì pa orúkọ dà ju kí Excel pa ìwà dà lọ.

Nílé, ọjọ́ ló ṣíwájú. Mo gbé fáìlì dé ṣọ́ọ̀bù yín, oṣù ló ṣíwájú. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ tún Format Cells ṣí, kí ẹ wo Date dáadáa. Àwọn kan ní àmì ìràwọ̀ * níwájú. Àwọn yẹn ń tẹ̀ lé ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ṣí fáìlì sí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ti Amẹ́ríkà á gbé oṣù ṣíwájú. Èyí tó wà ní ti Nàìjíríà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì á gbé ọjọ́ ṣíwájú. Ara ò yí padà, aṣọ nìkan ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró sójú kan níbi gbogbo, ẹ lo Custom: dd/mm/yyyy. Bí fáìlì yín bá ń rìn káàkiri, dd-mmm-yyyy lèmi máa ń lò. 05-Aug-2025 kò ṣe é ṣì kà.

Láti tún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe nínú Windows: Settings, Time & language, Language & region, kí ẹ yí Regional format sí English (Nigeria) tàbí English (United Kingdom). Nínú Google Sheets, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: File, Settings, Locale. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà fún wa, ètò Amẹ́ríkà ló bá wọn dé, a kì í sì í wo ibẹ̀ títí nǹkan á fi bàjẹ́.

Nínú fáìlì kan náà, àwọn déètì kan ti yí po, àwọn kan ò yí. Mo fẹ́ sunkún.

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé kì í pariwo. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan fi ìwé tí déètì rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, tí kì í ṣe fáìlì Excel, ránṣẹ́ sí yín, ọjọ́ ló ṣíwájú nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ṣí i ń ronú bí ará Amẹ́ríkà. Ó rí 05/08/2025, ó kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù May, rárá, ẹ má bínú, ọjọ́ kẹjọ oṣù May, ó sì gbà á wọlé. (Ẹ ò rí i? Èmi gan-an tí mo ń ṣàlàyé ṣì í.) Ó rí 13/08/2025, kò sí oṣù kẹtàlá, ó fi í sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lásán. Nítorí náà ọjọ́ 1 sí 12 inú oṣù kọ̀ọ̀kan á yí po, 13 sókè kò ní jẹ́ déètì rárá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ méjì kan náà, bí 08/08, nìkan ló bọ́.

Oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń wọlé bọ̀, ni wọ́n ń gbé irú èyí wá jù. Ẹnì kan tó ń gba àlejò sílé lásìkò ọdún gbé orúkọ àwọn tó ti sanwó sínú Excel. Àlejò tó ń bọ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ti di ti ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ó sì ti pa á rẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àlejò dé pẹ̀lú ẹrù lórí.

Bí ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá ṣì wà, ẹ pa èyí tó bàjẹ́ rẹ́. Ẹ yí ètò kọ̀ǹpútà padà ná, kí ẹ tó tún un ṣí. Òun ló dára jù. Bí kò bá sí mọ́, tí ó sì dá yín lójú pé dd/mm/yyyy ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, fọ́múlà yìí á ya méjèèjì sọ́tọ̀, á sì tún wọn ṣe:

=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))

Apá àkọ́kọ́ ń pààrọ̀ ọjọ́ àti oṣù padà fún èyí tó yí po. Apá kejì ń kó èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán jọ di déètì. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà kí ẹ tó dán an wò. Ẹ má sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lórí déètì kan náà, àbí á tún yí padà sí ibi tó ti wá.

Kò sí fọ́máàtì tí mo mú tó ń ṣe nǹkan kan sí déètì mi.

Kì í ṣe déètì. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò lára tí a lè wọ aṣọ fún. Ẹ wo ibi tó fara tì: déètì gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì, àfi bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ sún un. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ kọ =ISNUMBER(A2) sí ẹ̀gbẹ́; FALSE túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ yan kọ́lọ̀mù náà, kí ẹ lọ sí Data, Text to Columns. Ẹ tẹ Next lẹ́ẹ̀mejì. Ní ojú ewé kẹta, ẹ mú Date, kí ẹ yan DMY. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ń sọ níbẹ̀ o, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ kó hàn. Finish.

Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí àlàfo tí ojú kò rí wà lára rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá dà á kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. =SUBSTITUTE(A2,CHAR(160),"") á gé e kúrò.

Màmá àgbà ni mo kọ ọjọ́ ìbí wọn, 12/3/28. Excel ní wọn ò tíì bí wọn.

Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà méjì fún ọdún, Excel á máa méfò: 00 sí 29, ó di 2000 sí 2029, 30 sí 99, ó di 1930 sí 1999. 28 ti wá di 2028. Ẹ kọ ọdún tán, 1928. Ẹ má jẹ́ kí yy tó wà nínú fọ́máàtì tàn yín jẹ. Ó lè fi 28 hàn yín, kí 2028 wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo yọ déètì kan kúrò lára èkejì, déètì mìíràn ló fún mi.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára 5/8/2025, ọjọ́ 12397 ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì ìdáhùn bá wọ aṣọ déètì, 09/12/1933 lẹ máa rí, torí pé ọjọ́ yẹn ni Excel ń pè ní 12397. Ìṣirò yín tọ̀nà. Ẹ mú General fún sẹ́ẹ̀lì náà, ó tán.

Òṣìṣẹ́ mi ṣe wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Excel ní wákàtí méjìdínlógún ààbọ̀ ni àpapọ̀.

Owó ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ jẹ yẹn. h:mm máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo bí ó bá ti kọjá wákàtí 24, bíi aago ara ògiri. Ẹ fi àkámọ́ sí h: [h]:mm. 42:30 á jáde.

Káàdì ìpè tí mo fi Word fa déètì sí láti inú Excel, ọ̀nà Amẹ́ríkà ló gbà kọ ọ́.

Word ń mú ara wá, kì í mú aṣọ. Nínú Word, ẹ tẹ Alt àti F9. Ẹ wá ibi tí MERGEFIELD wà, kí ẹ fi èyí sí i kí àkámọ́ tó padé: \@ "dd/MM/yyyy". Lẹ́tà ńlá ni kí MM jẹ́. Kékeré, mm, ìṣẹ́jú ló ń jẹ́ fún Word. Ẹ tún tẹ Alt àti F9 láti padà.

Ṣé ó lè fi oṣù Hijra hàn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Custom, ẹ kọ B2dd/mm/yyyy. Ìṣirò ni Excel fi ń mọ̀ ọ́n, kò wo òṣùpá, nítorí náà ó lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá kéde. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Mo ń kọ ìtàn ìdílé wa. Excel kò gba déètì tó ṣáájú 1900.

Òótọ́ ni, 1 ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé fún un. Ogun Òṣogbo ti ọdún 1840 kò sí nínú ìmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fagídí kọ =DATE(1840,1,1), á ṣe ohun tó burú ju kíkọ̀ lọ: á fi 1900 kún un, á gbé yín lọ sí ọdún 3740. LibreOffice Calc ń gba déètì àtijọ́ láìjanpata. Bí Excel bá pọn dandan, ẹ fi ọjọ́, oṣù àti ọdún sí kọ́lọ̀mù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí oṣù méjì àkọ́kọ́ ọdún 1900, ẹ tún kíyè sára. Excel gbà pé 29/2/1900 wà, bẹ́ẹ̀ kò sí. Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò kan tó ti wà ṣáájú Excel, ló ní àṣìṣe náà tẹ́lẹ̀, Excel sì fara mọ́ ọn kí fáìlì wọn lè bára mu.

Mo da déètì kọ láti fáìlì kan sí òmíràn, gbogbo rẹ̀ sún ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan.

Ọjọ́ 1462 ni. Ọ̀kan nínú àwọn fáìlì náà ń kà láti 1904, àṣà Excel orí Mac àtijọ́. Ẹ yọ 1462 tàbí kí ẹ fi kún un, bí ó bá ṣe sún. Ẹ má yí ètò fáìlì tó ti kún, torí gbogbo déètì inú rẹ̀ ló máa ṣí kúrò nípò.

Ọjọ́ kẹjọ la fẹ́ sọmọ lórúkọ. Mo kọ =A2+8, ìyá àgbà ní mo ṣì í.

Ìyá àgbà ló jàre. Nínú ìṣirò ọjọ́ tiwa, ọjọ́ tí a bí ọmọ wà nínú kíkà. Ọmọ tí a bí ní Ìṣẹ́gun 5/8/2025, Ìṣẹ́gun 12/8 la ó sọ ọ́ lórúkọ. =A2+7 ni.

Ọjà wa ọlọ́rọọrún ni. Ṣé Excel lè fi ọjọ́ ọjà hàn mí?

Ìṣirò kan náà ni. Bí ọjà bá ná ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ka 5, 6, 7, 8, 9: ọjọ́ kẹsàn-án ló tún ná. Ọrún là ń pè é, ṣùgbọ́n 4 lẹ máa sọ fún Excel. Ẹ fi ọjọ́ kan tí ọjà ná tí ó dá yín lójú sí F1. Ẹ to déètì sí kọ́lọ̀mù A láti A2 lọ sísàlẹ̀, kí ẹ kọ èyí sí B2, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀:

=IF(MOD(A2-$F$1,4)=0,"Ọjọ́ ọjà","")

Kò pọn dandan kí F1 ṣáájú. Déètì tó ti kọjá náà á jáde bó ṣe yẹ. Fún ìpàdé ìtadógún, ẹ fi 16 rọ́pò 4. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ìlà ọjọ́ ọjà yọ àwọ̀, kó yan ìlà wọ̀nyẹn láti A2, kó lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, kó mú èyí tó ní ká lo fọ́múlà, kó sì kọ =MOD($A2-$F$1,4)=0. Bí ìlú bá sún ọjọ́ ọjà, F1 nìkan lẹ máa yí padà.